Kókó Tó Jókòó sí Oríta Ẹ̀jẹ̀: Bí Ẹ̀rọ CT Ṣe ń Dá A Mọ̀

Kókó kan wà tó máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn, tí ẹni tó ni ín kì í kà sí. Kì í dunni, kì í pọ́n, kì í gbóná. Ó lè lo ọdún márùn-ún, ó lè lo mẹ́wàá, kó máa tóbi díẹ̀díẹ̀. Tí ẹni tó ni ín bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà níkẹyìn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí dókítà lọ́kàn ni kó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kó fa díẹ̀ nínú rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Fún ọ̀pọ̀ kókó ọrùn, ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyẹn. Fún eléyìí, abẹ́rẹ́ yẹn lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ló kún inú kókó náà fọ́fọ́, ara òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọpọlọ ló sì fi ṣe ibùjókòó.

Carotid body tumour ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Òun ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, òun àti ẹ̀rọ ayàwòrán CT tó ń jẹ́ kí dókítà mọ̀ ọ́n láti ìta, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú ohun mímú sún mọ́ ọn.

Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun gòkè lọ sí orí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Carotid ni orúkọ wọn. Ẹni tó bá fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò rẹ̀ jẹ́jẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń lù kìkì. Bí òpó yìí bá ti dé ibi òkè gògóńgò, ó pín sí méjì: ọ̀kan kọrí sí ọpọlọ, èkejì ń lọ bọ́ ojú, ahọ́n àti awọ orí. Ní oríta yẹn gan-an ni ẹ̀yà ara kan wà tí kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 12. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá wò. Tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, òun ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kí èèyàn yára mí sí i. Corneille Heymans, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ìlú Ghent ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1938 lórí ìwádìí tó ṣe nípa iṣẹ́ yìí.

Bó ṣe kéré tó, tí a bá fi ìwọ̀n dá a, kò sí ẹ̀yà ara mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ gba inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó wọn gíráàmù 100, ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan yóò tó nǹkan bíi lítà 2. Ọpọlọ tó wọn iye kan náà kì í gbà tó mílílítà 60. Ẹ fi èyí pamọ́ sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ CT dá lé.

Kí ló wá ń sọ ẹyọ ìrẹsì yìí di kókó? Òkè Andes ní ilẹ̀ Peru ló kọ́kọ́ fún àwọn oníwàádìí ní ìdáhùn kan. Àwọn ìlú kan wà lórí òkè náà, bíi Cerro de Pasco, tó ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 4,000. Ọ́síjìn kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yà ara tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò yìí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsinmi, ó sì ń wú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1973 fi hàn pé kókó náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará òkè yìí tó ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn tó ń gbé nítòsí òkun. Kódà wọ́n rí i lọ́rùn àwọn màlúù tó ń jẹ̀ lórí òkè náà. Àwọn dókítà ìlú Quito, La Paz àti Mexico City, tí gbogbo wọn wà lórí ilẹ̀ gíga, kò ṣàjèjì sí i rárá.

Ọ̀nà kejì ni ti ìdílé. Ní ọdún 2000 ni wọ́n rí àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní SDHD. Tí ó bá ní àbùkù, kókó yìí lè máa ti ara bàbá dé ara ọmọ. Ohun tó yani lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tó jogún àbùkù ọ̀hún lọ́dọ̀ ìyá kì í sábà ní kókó, àmọ́ tí ọmọ yẹn bá jẹ́ ọkùnrin, tí òun náà wá bímọ, kókó lè yọ lára àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó lè tipa bẹ́ẹ̀ fo ìran kan, kí àwọn ará ilé máa rò pé ó ti tán nílẹ̀. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tó bá ní in ló máa ń ní in lápá ọ̀tún àti lápá òsì pọ̀. Lára àwọn tí kò jogún rẹ̀, kò ju nǹkan bí ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ òkè gíga. Ìbàdàn kò fi mítà 300 ga ju òkun lọ, Èkó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Kókó yìí kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ní gbogbo ayé pàápàá, iye tí ìwé ìṣègùn sábà ń dá ni pé kò tó ẹnì kan nínú 30,000. Àìwọ́pọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ló ń jẹ́ kó ṣini lọ́nà. Dókítà tó ti rí ọ̀pọ̀ kókó ọrùn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fà lè rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ni, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní oògùn olóṣù mẹ́fà. Nílé, àwọn àgbà á ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ẹlòmíràn á ti máa fi àdín ra á láràárọ̀.

Gẹ̀gẹ̀ kọ́. Iwájú ọ̀fun ni gẹ̀gẹ̀ máa ń wà, bí èèyàn bá sì gbé itọ́ mì, á bá a gòkè, á bá a sọ̀ kalẹ̀. Kókó ti oríta ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lábẹ́ igun àgbọ̀n. Tí dókítà bá fi ìka mú un, yóò ṣeé tì sọ́tùn-ún tàbí sósì, àmọ́ kò ní ṣeé tì sókè tàbí sísàlẹ̀, torí òpó ẹ̀jẹ̀ ti dè é mọ́lẹ̀. Àmì Fontaine ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nígbà mìíràn, ó máa ń lù lábẹ́ ìka. Nígbà mìíràn, tí dókítà bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ìlù ọkàn lé e, á gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń hó ṣììì kọjá. Tí ó bá ti pẹ́, tí ó ti ń fún àwọn iṣan tó ń darí ohùn àti ahọ́n pọ̀, ohùn aláìsàn á há, tàbí kí ahọ́n rẹ̀ ya sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá yọ ọ́ síta. Ìka dókítà ṣe gudugudu méje níbi tó dé, ṣùgbọ́n ìka kò lè rí ẹ̀yìn kókó.

Láyé àtijọ́, kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí i. Ní ọdún 1880, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Riegner gbìyànjú láti yọ kókó náà. Aláìsàn náà kú. Ní 1886, Maydl yọ ọ́, ẹni náà yè é, àmọ́ apá kan ara rẹ̀ rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, torí wọ́n ti di òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọdún 1889 ni Albert tó yọ ọ̀kan láìdí òpó náà. Gbogbo wọn ló la ọrùn kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Egas Moniz ti kọ́kọ́ ya àwòrán òpó ẹ̀jẹ̀ inú orí ní ìlú Lisbon ní 1927, ó di pé wọ́n ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ wọlé, kí wọ́n lè da oògùn sí i láti ya àwòrán. Ìyẹn wúlò, wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní nígbà tó bá pọn dandan, àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀.

Nǹkan méjì wá ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1971. Ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Shamblin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín kókó yìí sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìkíní rọra fara ti òpó ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé tú kúrò. Ìkejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a mọ́ra. Ìkẹta ti yí i ká pátápátá, débi pé òpó ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín kókó kọjá. Ìsọ̀rí yìí ló ń sọ bí iṣẹ́ abẹ yóò ṣe le tó. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ọrùn ti là tán, ni oníṣẹ́ abẹ tó ń mọ ìsọ̀rí tó dojú kọ.

Nǹkan kejì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ obìnrin kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun tí Godfrey Hounsfield ṣe. Òun ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n lo ẹ̀rọ CT fún. EMI, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ni ọ̀gá Hounsfield. Hounsfield àti Allan Cormack, ọmọ South Africa, ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1979. Àwòrán àkọ́kọ́ yẹn rí wúruwùru: àmì kéékèèké 80 ní ìbú, 80 ní òró. Ti òde òní jẹ́ 512 ní ìbú, 512 ní òró, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń gé àwòrán sí kò sì tó mílímítà kan ní nínípọn.

Báwo ni yíya àwòrán náà ṣe ń rí? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan, ẹni bí ọdún 45, oníṣòwò aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, torí kíndìnrín ló máa yọ oògùn àwòrán kúrò lára. Wọ́n á bi í bóyá ó ní ikọ́ fée, bóyá oògùn kan ti mú ara rẹ̀ wú rí, bóyá ó ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, bóyá ó lóyún. Kò yẹ kéèyàn fi ìtìjú dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí.

“Ẹ bá mi yọ yẹtí yín, Mà,” ni òṣìṣẹ́ ayàwòrán á wí. “Ẹ̀wọ̀n ọrùn náà, àti píìnì gèlè.” Irin máa ń ta ìtànṣán sójú àwòrán, á bà á jẹ́. Eyín wúrà tàbí eyín tí wọ́n fi irin dí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibi àgbọ̀n tí a sì fẹ́ wò gan-an ló ń bà jẹ́. Nítorí náà, ó dáa kéèyàn tètè sọ ọ́.

Obìnrin yìí á dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tẹ́ẹ́rẹ́, tábìlì á gbé e wọ inú ihò ńlá kan tó rí kìrìbìtì. Wọ́n á ti fi abẹ́rẹ́ sí iṣan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Oògùn tó ní áyódíìnì nínú ni ẹ̀rọ á tẹ̀ wọlé kíákíá, nǹkan bíi mílílítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ooru á gba gbogbo ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa tọ́ irin-irin, á sì dà bí ẹni tó ti tọ̀ sára. Kò tọ̀ o. Oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ní pẹ́ lọ.

“Ẹ má gbé itọ́ mì o, Mà. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.”

Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú àyà. Bí oògùn bá ti dé ibẹ̀, tí ibẹ̀ mọ́lẹ̀ yàà, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, á ya ọrùn láti òkè àyà dé ìsàlẹ̀ agbárí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Àkókò ni gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá pẹ́ jù, oògùn á ti kọjá sínú àwọn iṣan tó ń padà sí ọkàn, ìyàtọ̀ kókó sí àwọn nǹkan tó yí i ká á sì dín kù.

Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Hounsfield sọ ọ́. Omi jẹ́ òdo, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, egungun lè dé 1000. Kí oògùn tó wọlé, kókó yìí àti ẹran ara ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Bí oògùn bá ti dé, gbogbo inú kókó á mọ́lẹ̀ kedere, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òpó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ gba inú rẹ̀ ló gbé oògùn dé ibẹ̀. Ìyẹn ni àmì àkọ́kọ́.

Àmì kejì ni ti oríta. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀ka méjèèjì ń gòkè lọ ní sísún mọ́ ara wọn. Kókó tó bá jókòó sáàárín wọn á fẹ̀ wọ́n kúrò lára ara wọn: ẹ̀ka tó ń lọ sí ọpọlọ á yà sẹ́yìn, èkejì á yà síwájú, wọ́n á wá yọ ikùn bí apá dùùrù àtijọ́ ti àwọn Gíríìkì. Àmì lyre ni àwọn dókítà àwòrán ń pè é. Tí ìmọ́lẹ̀ kókó àti fífẹ̀ oríta bá pé jọ, kì í sábà sí iyèméjì mọ́ nípa ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn kókó mìíràn ní ìrísí tiwọn. Èyí tó bá hù lára iṣan vagus tó ń bá òpó ẹ̀jẹ̀ rìn máa ń ti ẹ̀ka méjèèjì síwájú pọ̀, kì í yà wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kókó ti ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń dúdú láàárín, kí etí rẹ̀ nìkan mọ́lẹ̀. Àpò omi kì í mọ́lẹ̀ rárá. Tó bá sì jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wú bí ìfun tó yọ, àwòrán á fi hàn pé inú òpó náà ló ti jáde. Ẹ wo ohun tí abẹ́rẹ́ ì bá ṣe sí irú èyí.

Bí dókítà àwòrán bá ti mọ orúkọ kókó, iṣẹ́ tó ṣòro jù kù. Ó máa wo etí òpó tó ń lọ sí ọpọlọ bí èèyàn ṣe ń wo òbìrí tó ní ìwọ̀n 360. Tí kókó bá fara kàn án dé 180 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ìsọ̀rí kìíní Shamblin ni wọ́n á fojú sí. Tó bá wà láàárín 180 sí 270, ìkejì ni. Tó bá ju 270 lọ, kí oníṣẹ́ abẹ múra fún ìkẹta, kó sì pe ẹni tó mọ̀ nípa títún òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe sítòsí. Wọ́n tún ń wọn bí orí kókó ṣe jìnnà sí egungun ìsàlẹ̀ agbárí tó, torí bó bá ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó lè ṣòfò ń pọ̀ sí i, tí ewu sì ń bá àwọn iṣan ohùn àti ahọ́n. Àwọn òpó kéékèèké tó ń bọ́ kókó náà á hàn pẹ̀lú. Tí kókó bá tóbi, wọ́n lè dí àwọn yẹn ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ohun tí àwọn ará Mayo Clinic ń bá lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ti wá di ohun tí ìdílé aláìsàn lè jókòó gbọ́ nínú ọ́fíìsì, kí wọ́n tó buwọ́ lùwé.

CT kò lè sọ ohun gbogbo. Kò lè fi ojú kókó nìkan sọ bóyá jẹjẹrẹ ni. Ìwọ̀nba díẹ̀, tí kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń tàn kálẹ̀, àfi tí wọ́n bá rí i níbòmíràn nínú ara, bíi nínú egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró, kó tó dájú. Kò sì lè sọ bóyá kókó ń tu omi ara tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sínú ara. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ọkàn aláìsàn bá ń já ṣòòròṣò, tó ń làágùn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lọ́nà tí kò yéni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ló máa sọ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn akunnilóorun. Ìtànṣán CT ju ti X-ray àyà lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ MRI tàbí irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún ni wọ́n ń yàn fún aláboyún, àti fún àwọn ọmọ ìyá aláìsàn tó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ wò lóòrèkóòrè.

Ẹ̀rọ CT wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àti ti aládàáni ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní àwọn ìlú mìíràn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àpò aláìsàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ń jáde. Síbẹ̀, lójú òǹkọ̀wé yìí, ìnáwó tó léwu jù ni ti oògùn tí wọ́n ń fún kókó tí kò ní orúkọ, tàbí ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìrí àwòrán.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kókó yìí ni wọ́n ń yára gbé lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó máa ń falẹ̀: ìwádìí ní ilẹ̀ Netherlands, níbi tí àbùkù SDHD wọ́pọ̀, fi hàn pé ìdajì irú kókó wọ̀nyí kì í fi ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ tóbi sí i lọ́dún. Bí ìyá àgbà ẹni 75 ọdún bá ní èyí tó kéré, tí ohùn rẹ̀ kò yí padà, dókítà lè sọ pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ nìkan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba CD àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kó má gba ìwé àbájáde nìkan. Mílímítà kan kì í hàn sójú, ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í sì í tó láti wọ̀n ọ́n. Àwòrán tọdún tó kọjá ni dókítà máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kó tó lè sọ bóyá kókó náà ti tóbi sí i.